Ọkọ̀ Ń Gbóná: Níbo Ni Omi Ń Gbà Lọ?

Bí oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà bá mú tán, tí sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dé sórí afárá Third Mainland ní Èkó, ó ṣòro kí èèyàn kọjá láìrí ọkọ̀ kan tó ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, tí ooru ń rú túú lára rẹ̀. Dírẹ́bà á di omi inú ọ̀rá méjì mọ́wọ́, á máa wo ẹ́ńjìnnì tìfura-tìfura. Àwọn tó ń kọjá kò sì ní panu mọ́. "Ẹ bù ú sí i!" "Ẹ má ṣí i o, á bó yín lójú!" "Ẹ tàn án padà kẹ́ ẹ máa lọ jàre!" Gbogbo wọn di mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ̀ràn ọ̀kan kò sì bá ti èkejì mu.

Nínú ẹjọ́ tí awakọ̀ ń gbé lọ bá mẹkáníìkì nílẹ̀ Yorùbá, ti ọkọ̀ tó ń gbóná wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù, ohun tó sì fà á kò fara sin. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ná títì. Wọ́n ti sin olówó wọn àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù kí wọ́n tó gba èbúté Èkó wọlé. Kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2017, ọ̀nà Kútọnu ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. Nígbà tí wọ́n bá fi débí, róbà inú wọn ti gbó, rédíétọ̀ wọn ti ń dí. Ooru ọ̀sán àti gosilóò tún wá pàdé wọn. Síbẹ̀, ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì jù ni àṣà "ẹ jẹ́ ká ṣì fi máníìjì": wọ́n á yọ èyí dànù, wọ́n á so tọ̀hún ní dáírẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bu omi sí i, ọkọ̀ á sì tún máa lọ. Àmì àìsàn ni wọ́n bò mọ́lẹ̀. Àìsàn ṣì wà níbẹ̀.

Kí èèyàn tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ tó ń gbóná, ó yẹ kó mọ bí èyí tí ara rẹ̀ dá ṣe ń tutù.

Bẹtiróòlù tó ń jó nínú sílíńdà máa ń gbóná kọjá 2,000°C. Nínú agbára epo tí èèyàn fowó rà, ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ń di ìrìn. Ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù: apá kan á bá èéfín jáde nídìí ọkọ̀, apá kan á wọ inú irin ẹ́ńjìnnì lọ. Bí kò bá sí ohun tó ń gbé ti inú irin yìí kúrò, kò ní pẹ́ rárá tí irin á fi wú, tí písítìnì á sì há.

Omi ló ń gbé e kúrò. Wọ́tà-pọ́ọ̀ǹpù, tí bẹ́líìtì ń yí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ló ń ti omi gba inú àwọn ihò tó wà lára ẹ́ńjìnnì àti nínú orí rẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù. Omi tó ti gbóná á gba họ́ọ̀sì òkè wọ inú rédíétọ̀, á pín sínú àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí wọn lára, á tutù, á sì gba họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: Mercedes tí Wilhelm Maybach, ará Jámánì, ṣe, tó jáde ní 1901, ti ní rédíétọ̀ alójú wẹ́wẹ́ tó jẹ́ bàbá ńlá fún tòde òní. Kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń mu omi. Volkswagen tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, tí iléeṣẹ́ tó wà lọ́nà Badagry ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní 1975, kò ní rédíétọ̀ omi rárá. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ níbi tó wà nídìí ọkọ̀. Pijó 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná lọ́dún yẹn kan náà, ní tirẹ̀, kò lè ṣe láìmu omi.

Ìbéèrè kan máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Omi lásán ń hó ní 100°C. Omi inú ẹ́ńjìnnì òde òní sì sábà máa ń wà láàárín 90 sí 105°C. Kí ló dé tí kì í hó? Ìdérí rédíétọ̀ ni kì í jẹ́ kó hó. Kì í ṣe ọmọrí lásán. Sípíríìǹgì wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí omi wà lábẹ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀, bí èèyàn bá sì ń tẹ omi mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó hó. Lábẹ́ ìdérí tí wọ́n kọ 1.1 sí lórí, omi lè tó nǹkan bí 120°C kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ibẹ̀ ni ewu wà fún ẹni tó bá ń kánjú. Bó bá ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, ó ti gbé ohun tó ń tẹ omi kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn. Ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, omi tó ti kọjá 100°C á ru tú jáde, ojú àti ọwọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lé e ló sì máa ń bá.

Aṣọ́nà kan tún wà lójú ọ̀nà omi, tẹ́mósítáàtì lorúkọ rẹ̀. Ìda ló ń bẹ nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù láàárọ̀, á pa ọ̀nà rédíétọ̀ dé kí ẹ́ńjìnnì lè tètè yá. Bí omi bá ti tó nǹkan bí 82 sí 90°C, ìda á yọ́, á wú, á ti ilẹ̀kùn náà ṣí, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tutù. Fáànù oníná náà kì í dédé yí. Sẹ́ńsọ̀ ló ń ṣọ́ omi, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n tan fáànù.

Nítorí náà, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í sáré mú sípánà. Ìbéèrè ló máa kọ́kọ́ bi olówó ọkọ̀: "Inú gosilóò ló ti ń gbóná ni, àbí ojú ọ̀nà márosẹ̀?" Ìdáhùn sí ìbéèrè kan yìí ju iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ lọ.

Bó bá jẹ́ inú gosilóò nìkan, tí geéjì sì ń padà wálẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, fáànù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ìdí ni pé bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń ṣe iṣẹ́ fáànù. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ó lè jẹ́ fíúùsì ló jó, ó lè jẹ́ rílè, mọ́tò fáànù tàbí wáyà, rẹ́wáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ló sì máa wá a rí. Bó bá wá jẹ́ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ló ti ń gbóná, a jẹ́ pé omi ni kò rìn tó: rédíétọ̀ ti dí, tẹ́mósítáàtì há, wọ́tà-pọ́ọ̀ǹpù kò ti omi dáadáa mọ́, tàbí omi fúnra rẹ̀ ti dín. Bó bá ń gbóná níbi gbogbo, tí omi ń dín lójoojúmọ́ láìsí ibi kankan tó ń kán sí nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ wọ inú tọ́ọ̀pù nìyẹn.

Lẹ́yìn ìbéèrè, ó kan ojú àti ọwọ́. Àárọ̀ ló dára jù, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá. Mẹkáníìkì á ṣí ìdérí, á ti ìka bọ omi. Bí omi bá pọ́n, tó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ìpẹta ti ń jẹ irin nínú. Á fún họ́ọ̀sì lọ́wọ́. Èyí tó ti rọ̀ jù, àti èyí tó ti le gbagidi tó sán, kò ní pẹ́ bẹ́. Á fi tọ́ọ̀ṣì wo etí rédíétọ̀, níbi tí orí rẹ̀ tó jẹ́ ike ti pàdé ara rẹ̀ tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Ibẹ̀ ni rédíétọ̀ ìgbà yìí ti sábà máa ń là, àmì funfun tàbí àwọ̀ kúlántì, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, tó gbẹ síbẹ̀ ló sì ń tú u fó. Á wo abẹ́ wọ́tà-pọ́ọ̀ǹpù, nítorí ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ lu, kí omi lè máa kán jáde níbẹ̀ bí síìlì rẹ̀ bá ti bàjẹ́. Á tẹ kápẹ́ẹ̀tì iwájú lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ibẹ̀ bá tutù rinrin, tó ń ta òórùn dídùn-dídùn, híta ló ń jò. Á bẹ àárín rédíétọ̀ àti kọ̀ǹdẹ́ńsà AC wò, níbi tí ọ̀rá, ewé àti eruku ọyẹ́ máa ń sá pamọ́ sí tí atẹ́gùn kò fi ní rọ́nà kọjá. Paríparí rẹ̀, á tan ọkọ̀, á tan AC, á sì dúró wò ó bóyá fáànù máa yí. Nínú gbogbo èyí, kò tíì tú nǹkan kan.

Iṣẹ́ àwọn tó ń kánjú kì í rí bẹ́ẹ̀. Oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ ni kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì sọ nù. "Ilẹ̀ olóoru la wà," ni wọ́n máa ń wí, "kí la fẹ́ fi nǹkan tó ń dí omi lọ́nà ṣe?" Lóòótọ́, bí tẹ́mósítáàtì bá ti há pa, ọkọ̀ lè dẹwọ́ gbígbóná lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ẹ́ńjìnnì kì í tètè yá mọ́. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé àárọ̀ ṣì ni, á máa fún un ní epo púpọ̀. Epo tí kò jó tán á máa ṣàn wọ inú ọ́ìlì, á sì máa là á. Iná ẹ́ńjìnnì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, kóòdù P0128 ló sábà máa gbé jáde, èyí tó ń sọ pé omi kò gbóná tó bó ṣe yẹ. Àwọn ọkọ̀ kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé tẹ́mósítáàtì yìí kan náà ló ń pa ọ̀nà àbùjá tí omi gbóná lè gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá wà ní ṣíṣí gbayawu, ọkọ̀ tí wọ́n ní kó tutù á wá máa gbóná sí i.

Kò sì sí ìdí fún gbogbo wàhálà yìí, torí inú ilé ìdáná ni wọ́n ti lè dán tẹ́mósítáàtì wò. Kí wọ́n so ó mọ́ okùn, kí wọ́n gbé e rọ̀ sínú ìkòkò omi tó wà lórí iná, kó má fara kan ìdí ìkòkò. Kí omi tó hó ló yẹ kó là fúnra rẹ̀; bí omi bá ti ń hó yaya tí kò là, kí wọ́n ra òmíràn.

Oògùn kejì ni fáànù tí wọ́n so ní dáírẹ́ẹ̀tì. Rẹ́wáyà á gba ẹ̀gbẹ́ sẹ́ńsọ̀ àti kọ̀ǹpútà kọjá, á so wáyà fáànù mọ́ siwíìṣì kan lábẹ́ sítíárì, tàbí kó so ó kí fáànù máa yí láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan ọkọ̀ títí wọ́n á fi pa á. Fáànù tí kì í sinmi kì í pẹ́ jó, iṣẹ́ náà sì ń pọ̀ fún bátìrì àti ọtanétọ̀. Ti onísiwíìṣì tún wá léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ tí ìyàwó tàbí àbúrò tí kò mọ̀ nípa siwíìṣì bá yá ọkọ̀ lò, ọjọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì máa jó. Sẹ́ńsọ̀ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ kì í sì í ṣòro rí ní Ládípọ̀ ní Múṣìn, tàbí ní Àràròmí ní Agodi Gate n'Íbàdàn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ omi. Omi kànga àti omi bohóòlù ní èròjà ilẹ̀ nínú, bí wọ́n bá sì ti ń gbóná léraléra, èròjà náà á máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù rédíétọ̀ títí á fi dí. Omi inú ọ̀rá sàn díẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro, kó ṣáà gbé èèyàn dé ilé, ṣùgbọ́n kò lè dènà ìpẹta. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé torí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe ń lo kúlántì. Òótọ́ ni pé kì í jẹ́ kí omi di yìnyín, àmọ́ apá kan iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kúlántì tí wọ́n bá pò mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, lábẹ́ ìdérí tó dára, lè tó nǹkan bí 130°C kó tó hó, èròjà inú rẹ̀ sì ń dáàbò bo irin àti wọ́tà-pọ́ọ̀ǹpù. Kò wá yẹ kí èèyàn rọ ògidì rẹ̀ sí i láìlà á, torí omi ń gbé ooru jù ú lọ. Dísítíìlì wọ́tà, irú èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì, ló dára láti fi là á, kì í ṣe áásíìdì bátìrì o. Àwọ̀ ewé, pupa tàbí búlúù kò sọ irú èyí tó jẹ́. Ìwé ọkọ̀ ló mọ èyí tó bá a mu. Kúlántì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, kò yẹ kí wọ́n rọ èyí tó ṣẹ́kù sínú ike ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọdé lè gbé mu.

Níbo ni máníìjì wá ń parí sí? Nínú tọ́ọ̀pù ni. Láàárín ara ẹ́ńjìnnì àti tọ́ọ̀pù rẹ̀, gáásíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló la omi, ọ́ìlì àti iná tó ń jó nínú sílíńdà níyà. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bó bá sì gbóná, ó máa ń wú tó ìlọ́po méjì bí irin ṣe ń wú. Bó bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, ó lè tẹ̀, kò sì ní bá ara ẹ́ńjìnnì mu mọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láyè kò ju 0.05 mìlímítà lọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Toyota, èyí tó tín-ínrín ju fọ́nrán irun orí lọ. Ibi tó bá ti tẹ̀ ni gáásíkẹ́ẹ̀tì á ti jó. Àmì rẹ̀ kò ṣòro mọ̀: omi inú rédíétọ̀ á máa yọ ìfófòó bí wọ́n bá tan ọkọ̀, èéfín funfun tó ń ta òórùn dídùn á máa jáde nídìí ọkọ̀ títí dìgbà tí oòrùn ti là, ọ́ìlì á sì di àwọ̀ tíì onímílíìkì. Bó bá dé ibẹ̀, kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ gáásíkẹ́ẹ̀tì lásán. Kí wọ́n gbé tọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fá a tẹ́jú.

Àwọn tó ń wa Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, ti 2002 sí 2006, ní ẹjọ́ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ́ńjìnnì 2.4 inú rẹ̀, 2AZ-FE, ní àléébù kan tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ dáadáa. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì ihò tí àwọn bóòtì tọ́ọ̀pù ń dè mọ́, pàápàá àwọn tó wà lẹ́yìn, máa ń jẹ. Bóòtì á dẹ̀, omi á máa jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí ojú kì í tètè dé. Olówó ọkọ̀ á pààrọ̀ gáásíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún yìí, á tún pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, á sì máa fi mẹkáníìkì ré. Ohun tó máa parí ẹjọ́ náà ni kí wọ́n gbẹ́ ihò bóòtì fẹ̀, kí wọ́n ki irin onítẹ́rẹ́ẹ̀dì tuntun sínú rẹ̀ kí bóòtì lè rí ibi dì mú.

Kò yẹ kí awakọ̀ gbọ́kàn lé geéjì jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, wọ́n ṣe ọwọ́ rẹ̀ kó máa dúró sáàárín bí ooru tilẹ̀ ń lọ sókè sódò, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ti bàjẹ́ ló ń fò sókè. Àwọn mìíràn, bíi Toyota Yaris àti Honda Fit, kò ní geéjì omi rárá nínú ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Iná búlúù ló ń tàn bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tí pupa ń tàn bó bá gbóná. Èyí tó burú jù ni pé bí omi bá gbẹ tán, sẹ́ńsọ̀ kò ní rí omi wọ̀n mọ́, geéjì sì lè máa sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti ń jó.

Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Kí awakọ̀ pa AC, kó ṣí fèrèsé, kó sì tan híta dé òpin. Ooru náà kò ní bára dé, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré ni híta, á gbà lára ẹ̀rù náà. Bí ọwọ́ geéjì kò bá wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí àwọn tó ń bọ̀ á ti tètè rí i. Kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má sì fọwọ́ kan ìdérí títí họ́ọ̀sì òkè á fi tutù lọ́wọ́. Omi tútù kò gbọdọ̀ kan ẹ́ńjìnnì gbígbóná, torí tọ́ọ̀pù lè là. Kó bu ú sí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Bí ibi tó ń jò bá hàn, tí omi ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ṣọ̀, kó pe ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀. Owó tí wọ́n á gbà kò lè tó owó ẹ́ńjìnnì àlòkù tí wọ́n ń pè ní "Belgium."

Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ náà lè dáàbò bo ara rẹ̀. Kó lọ láàárọ̀, kó sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tíì tan ọkọ̀ kóun tó dé. Kó ṣí ìdérí rédíétọ̀ àti ti ọ́ìlì, kó wo inú méjèèjì. Kó wá siwíìṣì àjèjì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kó jẹ́ kí ọkọ̀ wà ní títàn títí fáànù á fi yí, tó dúró, tó tún yí. Bí olùtajà bá sì ti tan ọkọ̀ kó tó dé, kó béèrè ìdí rẹ̀.

Àwọn tó ti ní ọkọ̀ nílé, iṣẹ́ yín kò pọ̀. Ẹ wo omi inú ike tí wọ́n so mọ́ rédíétọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láàárọ̀, bó bá ti ń dín, ẹ má kàn bù ú sí i kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín fi ibi tí omi ń gbà lọ hàn yín, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tí kò bá rí i fi hàn, tó ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká yọ tẹ́mósítáàtì sọ nù ná, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.